Ọjọ́rú Eérú ní Sábọ̀n Gàrí

Ní Ọ̀ffà, Sábó ni ibi tí àwọn Haúsá ń gbé.
Ní Sááríà, Sábó ni ibi tí wọ́n fi àwa sí.
Bàbá mi, Gébúrẹ́lì Oyèdòkun, gáàdì rélùwéè,
a máa fi rẹ́rìn-ín bó bá ń yọ bàtà lálẹ́:
"Kálukú ló ní ìlú tó ti jẹ́ ará Sábó."

Òun ló ń gba imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú irin
ní alẹ́ Ẹtì tó ṣáájú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́,
àdìpọ̀ méjì nínú àpò ìdọ̀họ, omi ṣì wà lára wọn.
Ní ilẹ̀ tí ọyẹ́ ti fá orí ewéko kodoro,
a gbé àwọ̀ ewé yẹn wọ ṣọ́ọ̀ṣì
bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Rélùwéè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀.
Koríko hù láàárín irin méjèèjì, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́.
Imọ̀ goríbà la fi ń ṣe àgbélébùú báyìí.
Ó le, ó ń gé ni lọ́wọ́.
Màmá Dọ́kásì ní ó sàn bẹ́ẹ̀:
àgbélébùú tí kò lè gé ni lọ́wọ́, ẹ̀gbà ọrùn ni.

Lánàá, mo kó ti ọdún tó kọjá jọ láti ilé dé ilé,
lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́yìn fọ́tò àwọn tó ti kú;
ọ̀kan wà nínú ìwé gbèsè Ìyá Bọ́sẹ̀dé, ó fi sàmì sí ojú ewé.
Mo sun wọ́n nínú agolo mílíìkì lẹ́yìn fẹ́sítírì.
Iná wọn kò pẹ́.
Eérú wọn kò kún àtẹ́lẹwọ́.

Bàbá mi ìbá kọ̀.
"Eérú? Ti Àgùdà nìyẹn."
Láyé tirẹ̀, ègún ni wọ́n ń kà ní Ọjọ́rú yìí,
àlùfáà nínú súpílísì, ohùn rẹ̀ gbẹ bí bébà:
ègún fún ẹni tó bá sún ààlà aládùúgbò rẹ̀.
Ìjọ a ní Àmín,
títí kan Bàbá Láńbẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ bàtà méjì wọ ilẹ̀ wa,
tí Àmín tirẹ̀ sì máa ń ròkè jù.

Àlùfáà Istifánù kì í ka ègún.
Ọmọ Kagòrò ni. Ó ń ti àtàǹpàkò bọ eérú,
ó ń sọ ọ́ fún kálukú lédè tirẹ̀,
ƙura fún àwọn kan, erùpẹ̀ fún wa.
Nígbà tí mo wà léwe, ahọ́n mi kò mọ ìyàtọ̀:
ƙura, eruku; kura, ìkookò.
Mo rò pé ìkookò ni wọ́n ní a jẹ́,
pé ìkookò la ó padà dà.
Ọdún tí wọ́n sun ilé mẹ́sàn-án ní òpópónà wa,
mo tún un rò,
pé bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa nígbà yẹn.

Oṣù lé lálẹ́ àná. Ààwẹ̀ tiwọn, ààwẹ̀ tiwa,
ọjọ́ kan náà ló bọ́ sí lọ́dún yìí.
Mo ti ìsìn aago mẹ́fà dé, dúdú wà níwájú orí mi.
Màlámù Tànímù jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀,
àpá ìforíkanlẹ̀ ogójì ọdún níwájú orí tirẹ̀.
Ó wò mí. Ó fọwọ́ kan ti ara rẹ̀.
"Òógùn á ti nu tìrẹ kúrò kó tó dọ̀sán."
Mo ní, "Ìdí nìyẹn tá a fi ń tún un ṣe lọ́dọọdún."

Ó rẹ́rìn-ín. Kò fi omi lọ̀ mí, n kò sì retí i.
Mo jókòó díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà.
Atẹ́gùn gbé eruku láti ojú irin wá,
ó bà lé ẹ̀rọ, ó bà lé ìwé àdúrà mi.
Ó fi etí ẹ̀wù nu ẹ̀rọ rẹ̀.
Mo nu ìwé.
Ó tún bà.